Eyín Ọkọ Sájẹ́ǹtì

Nígbà tí Norine yọ búrẹ́dì kúrò nínú ààrò láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yẹn, kò tíì rí ojú ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yìn Delbert ló ń rí. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó kọ ojú sí fèrèsé bí ẹni tó ń wo òkè, ó sì fi aṣọ ìnujú bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan.

"Delbert, wá jẹun." Norine ti wọ aṣọ ológun, ó ti di irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, bàtà nìkan ló kù. "Mo ní láti dé bárékè kí wọ́n tó pe orúkọ."

Delbert kò yí padà.

Mámà Oma, ìyá Delbert, tó ń mu kọfí ní òdìkejì tábìlì, na ọ̀pá rẹ̀, ó fi kan ọmọ rẹ̀ léjìká. "Yí ojú sí ìyàwó rẹ. Àbí o rò pé o máa kọ ẹ̀yìn sí i títí di Kérésìmesì ni?"

Delbert yí padà, ó sì gbé aṣọ náà kúrò. Apá ọ̀tún ojú rẹ̀ ti wú bí ẹni tó fi ìkúùkù pamọ́ sẹ́nu. Awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà nà, ó ń dán, ojú tó wà lókè rẹ̀ sì ti kéré bí ti ẹni tó ń tòògbé.

"Olúwa mi! Láti ìgbà wo?"

"Àná," ni Delbert wí láti àárín eyín. Kò lè la ẹnu dáadáa. "Ó máa lọ."

"Irọ́ ni," ni Mámà Oma sọ. "Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta. Ó kàn ń fi iyọ̀ àti omi gbígbóná tàn án ni."

Norine gbé àwo búrẹ́dì sílẹ̀. Ó fẹ́ fọwọ́ kan ojú náà, Delbert sì fà sẹ́yìn. Búrẹ́dì ń gbóná lórí tábìlì, ọbẹ̀ funfun tí wọ́n fi mílíìkì sè ń dì nínú ìkòkò, ẹnì kankan kò bù ú.

Gbogbo àwa tí a ń gbé láàrin àwọn òkè yìí la mọ irú sójà tí Norine Slone jẹ́, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ nílé wa. Láàrin ọ̀sẹ̀, ó ń wa bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn ọmọ lọ sílé-ìwé. Lópin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù, ìjọba á pè é, á sì di Sájẹ́ǹtì. Sójà ìpamọ́ ni wọ́n ń pè wọ́n, bí ẹni pé inú àpótí ni wọ́n ń kó wọn sí. Nígbà tí ọ̀ràn bá sì dé, wọn a kó wọn jáde. Wọ́n ti kó Norine jáde lẹ́ẹ̀kan rí, ó lọ sí ilẹ̀ aṣálẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún kan, ìgbà yẹn ni Delbert kọ́ bí wọ́n ti ń dirun fún ọmọbìnrin.

Ìjọba kì í fi eyín irú sójà bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ẹni tí eyín ń dùn kò ṣeé rán lọ sójú ogun, nítorí náà wọ́n ń wo eyín Norine, wọ́n ń dí i, wọ́n ń fọ̀ ọ́. Ti ará ilé ló yàtọ̀. Ètò ìbánigbófò eyín wà fún wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní ìlẹ̀kùn, ìlẹ̀kùn náà sì ní àkókò tí wọ́n ń tì í.

"Mo pè wọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," ni Norine wí, ó jókòó. "Mo ti rí i pé o ń fi apá kan jẹun. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ń pè mí ní Sájẹ́ǹtì ní gbogbo ẹnu. Ó ní ẹni tí àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba bá ṣì ku ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n lè gba ará ilé rẹ̀ wọlé. Tèmi ku oṣù méje. Ó ní, 'Ẹ máà bínú, Sájẹ́ǹtì, ẹ ò yẹ.'"

"Ọdún mélòó lo ti sìn wọ́n?" ni Mámà Oma bi í.

"Mọ́kànlá, Mámà."

"Mọ́kànlá." Ìyá àgbà náà mu kọfí. "Ẹ ò wá yẹ."

"À bá ti wà nínú ilé kí wọ́n tó ti ìlẹ̀kùn," ni Norine wí. "A ti wà níbẹ̀ rí. Ta ló ní ká jáde?"

Delbert fi ọwọ́ lu àyà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó túmọ̀ sí pé, èmi ni.

"Ìwọ ni. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kú, tí a fi owó ètò náà ra òmíràn. O ní eyín tí kò dun èèyàn, kí ló dé tí èèyàn ń sanwó orí rẹ̀? Mo ní, Delbert, ká fara dà á. O ní Addie ọmọ wa ń rí ti àwọn ọmọdé gbà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, pé èmi náà ń rí tèmi gbà, pé ìwọ ọkùnrin kò nílò kí ẹnikẹ́ni máa wo ẹnu rẹ bí ẹṣin tí wọ́n fẹ́ rà."

"Ọkọ̀ yẹn lo... fi ń lọ... síbi iṣẹ́," ni Delbert sọ. Ó tọ́.

Mámà Oma fi ìka nu ẹnu. "Ẹ fẹ́ràn láti máa pariwo lórí eyín. Tèmi, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n yọ gbogbo rẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n ṣègbéyàwó. Bàbá mi ló sanwó rẹ̀, ẹ̀bùn ìgbéyàwó ni, kí ọkọ mi má baà gbé ìyọnu eyín wọlé pẹ̀lú ìyàwó. Bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo wa nígbà yẹn nìyẹn. Wọ́n sì yìn mí, wọ́n ní mo rẹwà nínú fọ́tò."

"Ṣé wọ́n ń dùn yín nígbà náà, Mámà?" ni Norine bi í.

Ìyá àgbà náà wo inú kọ́ọ̀bù rẹ̀. "Rárá o," ni ó wí. "Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí. Kí ló máa dùn mí?"

Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn dún, Àǹtí Verna, aládùúgbò wọn, sì wọlé láìkan ìlẹ̀kùn, pẹ̀lú fìlà ṣọ́ọ̀ṣì lórí àti ìgò kékeré lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, ilé yìí. Oma ló ní kí n mú òróró kànáfùrù wá..." Ó rí Delbert, ó sì dúró. "Háà! Elégédé tí wọ́n jí lọ́gbà mi rèé o! Mo ti ń bú àwọn ọmọ Ratliff láti ọjọ́bọ̀!"

Delbert fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìrora sì gbá a mú. Ó di tábìlì mú.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. N ò ní pa ọ́ lẹ́rìn-ín mọ́." Àǹtí Verna rẹ òwú sínú òróró náà, ó fi lé e lọ́wọ́ kó fi sí eyín. "Ta ló máa wá dá orin fún wa lónìí? Alàgbà Hobert? Ohùn rẹ̀ dà bí ìlẹ̀kùn tí kò rí gírísì rí. Bó bá fi máa dá ìlà kejì tán, àwa tó kù á ti gbàgbé ti àkọ́kọ́."

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, a kì í lo dùùrù, bẹ́ẹ̀ ni ìwé kì í sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹnì kan ní í dá ìlà orin, ìjọ a sì fà á tẹ̀lé e. Delbert ni ẹni náà. Bàbá rẹ̀ ló dá a ṣáájú rẹ̀. Bó bá gbé ohùn sókè, àwọn tí kò gbàdúrà láàrin ọ̀sẹ̀ pàápàá máa ń wólẹ̀ nínú ọkàn wọn.

Àǹtí Verna yíjú sí Norine. "Ìwọ, Sístà, ya ẹnu kí n rí i. Ya á! Ẹ wo eyín, ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run àti ìjọba! Bí àgbàdo tuntun lórí ṣùkù. Ẹni tó bá rí ìwọ àti ọkọ rẹ pọ̀, á ní kì í ṣe ilé kan náà lẹ ti ń jẹun."

Ohun tó bá ojú ló bá imú, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Àmọ́ àwọn tó ṣe òfin yìí ti rí ọ̀nà tí wọ́n fi lè tọ́jú ojú kí wọ́n sì fi imú sílẹ̀.

"Jẹ́ n sọ nǹkan kan fún ọ," ni Àǹtí Verna ń bá a lọ, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé Delbert kò sí níbẹ̀. "Stamper wà ní bárékè lónìí, sájẹ́ǹtì tó ń bẹ àwọn sójà kí wọ́n má fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ àbúrò mi gbé ọwọ́ sókè búra níwájú rẹ̀ lóṣù tó kọjá, ó fi ọdún kún àdéhùn rẹ̀. Kò pẹ́, ìlẹ̀kùn ṣí fún ìyàwó rẹ̀."

Delbert fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì. Kọ́ọ̀bù fò.

"Rárá."

"Ọ̀rọ̀ lásán ni mo sọ..."

"Mo ní rárá, Àǹtí." Omi ti dé ojú rẹ̀ nítorí bó ti la ẹnu. "Norine. Oṣù méje ló kù. Bí o bá tún gbé ọwọ́ yẹn sókè..." Kò parí rẹ̀. Bóyá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kò jẹ́ kó parí rẹ̀, bóyá kò mọ ohun tó kù láti sọ.

Ìgbà yẹn ni wọ́n rí Addie lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Apá kan irun rẹ̀ ti di dídì, apá kejì tú sílẹ̀ léjìká, nítorí bàbá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò sì lè parí rẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé ẹ tún ń lọ ni?"

"Bárékè lásán ni mò ń lọ, ọmọ mi."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ sọ nígbà yẹn."

Norine wọ bàtà. Ó di okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Lọ sí ọsibítù, Delbert. Jọ̀ọ́."

"Wọ́n á fún mi lóògùn... wọ́n á ní kí n lọ rí dókítà eyín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sọ ọ́." Dókítà eyín kan ṣoṣo tó wà nílùú kì í sì í tan iná rẹ̀ kí owó tó wà lórí tábìlì. Àwọn dókítà eyín tó máa ń wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ní pápá ìpàtẹ ọjà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń wá, àwọn ènìyàn a sì sùn sínú ọkọ̀ kí ó lè kàn wọ́n. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn jìnnà.

Norine lọ.

*

Ọjọ́ àyẹ̀wò eyín ni ní bárékè. Àwọn sójà tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń gbóòórùn ẹnu ara wọn. Mejọ̀ Pruitt, ọ̀gágun tó ń ṣe dókítà eyín, jẹ́ obìnrin kan tí orí rẹ̀ ti ń funfun, tí ó rẹ̀ bí ẹni tó ti ń wo ẹnu ènìyàn láti ìgbà ìṣẹ̀dá.

"Ya ẹnu, Sájẹ́ǹtì. Gbé ahọ́n sókè. Ó dára. Ó dára gan-an." Ó pa iná. "Kò sí ohun tó ń ṣe ọ́. Bí wọ́n bá ní kí o lọ lọ́la, o lè lọ."

"Ẹ ṣeun, mà." Norine kò dìde lórí àga.

"Ó tán o, Sájẹ́ǹtì."

"Mà, ọkọ mi ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú, ojú rẹ̀ ti fẹ́ pa dé."

Obìnrin náà wò ó. "Ṣé ó ń gbé nǹkan mì?"

"Kọfí ń wọlé."

"Ọrùn ńkọ́?"

"N kò fọwọ́ kàn án, mà. Kò jẹ́."

Mejọ̀ Pruitt bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó ń wò ó. "Ọwọ́ mi kò gbọdọ̀ kàn án, o mọ̀. Àga yìí, iná yìí, èmi alára láàárọ̀ yìí, ti sójà la jẹ́. Mo ti bẹ̀bẹ̀ rí. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan." Sójà tó tẹ̀ lé Norine wúkọ́ lẹ́yìn wọn. Norine dìde.

Sájẹ́ǹtì Stamper jókòó sí igun gbọ̀ngàn, pẹ̀lú àsíá lẹ́yìn rẹ̀ àti abọ́ súìtì níwájú rẹ̀. Ènìyàn dáadáa ni Stamper, ó sanra, ó máa ń sunkún níbi ìsìnkú ẹni tí kò mọ̀.

"Slone! Jókòó, arábìnrin mi. Mú súìtì kan."

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ eyín ni mo bá wá."

Àwọn méjèèjì wo abọ́ súìtì náà, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò pẹ́.

"Mo fẹ́ fi ọdún kan kún àdéhùn mi," ni Norine wí. "Ọdún kan péré, kí wọ́n lè gba Delbert."

Stamper mi orí. "O ti fi ọdún kan kún un lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn ti tán fún ọ. Mẹ́ta ló kéré jù tí mo ní níhìn-ín."

"Bí mo bá ṣe mẹ́ta?"

"Wọ́n á gbà á. Kò sí àríyànjiyàn."

"Láti ìgbà wo?"

Stamper sọ fún un. Norine wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹgbẹ́ wa máa lọ sójú ogun lọ́dún tó ń bọ̀," ni ó wí.

"Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Norine." Kò pè é ní Slone mọ́. "Bí mo bá mọ̀, n kò lè sọ. Bí n kò bá mọ̀, n kò lè búra. Lọ bá ọkọ rẹ sọ ọ́ ná."

"Mo ti mọ ohun tó máa sọ."

Fóònù rẹ̀ dún nínú àpò. Addie ni. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó fara pamọ́.

"Mọ́mì, Dádì wà ní gáráàjì. Wọ́n mú ẹ̀mú tí wọ́n fi ń yọ ìṣó. Mámà Oma ń bá wọn tan iná tọ́ọ̀ṣì."

*

Nígbà tí Norine dé ilé, ó bá ọkọ rẹ̀ lórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ẹ̀jẹ̀ wà ní àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ìdajì eyín wà nínú ìdérí ìgò. Mámà Oma dúró tì í, tọ́ọ̀ṣì ṣì ń tàn lọ́wọ́ rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán gangan ni.

"Ó ṣẹ́," ni ìyá àgbà náà wí. "Ó kù díẹ̀ báyìí kó jáde."

"Mámà! Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́! Kí ló dé tí ẹ ò dá a lẹ́kun? Ẹ wá ń tan iná fún un?"

Mámà Oma pa tọ́ọ̀ṣì náà. Ó pẹ́ kó tó rí ibi tí wọ́n ti ń pa á. "Kò sẹ́ni tó dá tèmi lẹ́kun," ni ó wí.

Norine gba ẹ̀mú lọ́wọ́ Delbert. Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ilẹ̀.

"Nítorí kí n má baà lọ lo ṣe ṣe é," ni Norine wí.

Delbert mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Òpè." Ó fi ìpẹ̀kun aṣọ ológun rẹ̀ nu àgbọ̀n rẹ̀. "Òpè ọkùnrin. Dìde. Addie, wọ inú ọkọ̀."

Ọ̀nà ọsibítù gba iwájú bárékè kọjá. Norine yà síbẹ̀, ó ní òun ní láti gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá. Mejọ̀ Pruitt ló kọ́kọ́ bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ lórí ìdúró. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi tẹ̀ lé e jáde síbi ọkọ̀. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"N kò kan ẹnikẹ́ni," ni ó wí fún atẹ́gùn. "Mo kàn ń wo ìta ni. Ọmọ mi, fi iná fóònù rẹ tàn án fún mi. Ọ̀gbẹ́ni, la ẹnu débi tó lè là."

Addie tan iná. Mejọ̀ Pruitt tẹ̀ ba, ó wò ó, ó pẹ́ kó tó nà ró.

"Ọsibítù, nísinsìnyí. Kì í ṣe lálẹ́, kì í ṣe lọ́la. Wọ́n á fa oògùn sí i lára, wíwú náà á rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ti kù sínú. Bí ẹnì kan kò bá yọ ọ́, ó máa padà wá. Lọ́jọ́ tó bá padà wá, ó lè má dúró lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó lè sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀fun."

"Ta ló máa wá yọ ọ́, mà?" ni Norine bi í.

Mejọ̀ Pruitt wo orí òkè, níbi tí ewé ti pupa tán tó sì ń jábọ́.

Norine ti ìlẹ̀kùn ọkọ̀. "Delbert, dúró dè mí. Kò ní pẹ́." Ó yíjú sí obìnrin náà. "Mà, ẹ bá mi kálọ. Ọ̀gágun ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ìbúra, ẹ̀yin nìkan sì ni mo rí nínú ilé."

Nínú gbọ̀ngàn, gbogbo sójà ti lọ jẹun. Stamper gbé ìwé wá, Norine fọwọ́ sí i láìjókòó. Àṣà ibẹ̀ ni pé kí ẹni méjì na àsíá sẹ́yìn ẹni tó ń búra, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun yìí, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun ọ̀hún. Stamper mú ìpẹ̀kun kan, ó wò yíká.

"A nílò ẹnì kan sí i. Ẹ jẹ́ kí n lọ pe..."

Delbert wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ di ẹnu, Addie di bẹ́líìtì rẹ̀ mú lẹ́yìn. Norine ti gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Kò gbé e sọ̀ kalẹ̀. Àwọn méjèèjì wo ara wọn láti ìpẹ̀kun kan gbọ̀ngàn náà dé ìkejì, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún wọn pé kí wọ́n yára.

Delbert rìn wọlé. Ó kọjá níwájú Mejọ̀ Pruitt, ó dé ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀, ó na ọwọ́ tó ṣófo, ó sì gba ìpẹ̀kun àsíá kejì mú. Ó fi ìka méjì dì í, bó ti máa ń di irun Addie mú, kó má baà dùn ún.

Mejọ̀ Pruitt bẹ̀rẹ̀ ìbúra náà. Ó ń dá a ní ìlà kan, Norine ń tẹ̀ lé e ní ìlà kan, gẹ́gẹ́ bí ìjọ ti ń tẹ̀ lé Delbert ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ohùn Norine kò gbọ̀n. Nígbà tó dé òpin, níbi tí wọ́n ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó ran àwọn lọ́wọ́, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, Stamper sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

*

Wọ́n ti kọjá afárá odò kí Delbert tó sọ̀rọ̀.

"Mélòó?"

"Mẹ́ta."

Ó mi orí. Addie wà láàrin wọn, ó ń wo ọ̀nà.

"Láti ìgbà wo... ni wọ́n máa gbà mí?"

Norine yí ọwọ́ ọkọ̀ gba igun kan, ó tún gba òmíràn.

"Norine."

"Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá."

"Oṣù Kẹwàá la wà."

"Mo mọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn ogúnjọ́ oṣù, oṣù kan gbọ́dọ̀ kọjá. Ọjọ́ márùn-ún la fi pẹ́."

Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi eyín rà ń dún níwájú wọn. Lẹ́yìn náà ni Delbert bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ń dùn ún, ó ń lu ìtan, kò sì lè dá a dúró.

"Ẹ bá mi... kọ̀wé sí eyín náà," ni ó wí. "Ẹ ní kó dúró de... oṣù Kejìlá. Ẹ ní sójà ló ń bẹ̀ ẹ́."

Addie rẹ́rìn-ín nítorí pé bàbá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Norine kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wa ọkọ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n fa oògùn sí i lára títí ọjọ́ fi rọ̀. Dókítà ibẹ̀, ọmọkùnrin kan tó níwà pẹ̀lẹ́, kọ oògùn mìíràn fún un, ó sì ní kó rí i dájú pé ó lọ rí dókítà eyín láìpẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Norine wí. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti ṣàlàyé.

Nígbà tí wọ́n padà dé ilé, Àǹtí Verna ti wà níbẹ̀, ó ti gbé ẹ̀wà kaná fún Mámà Oma, ó sì ti gbọ́ ohun gbogbo. Ní ìlú wa, ọ̀rọ̀ kì í dúró de ẹsẹ̀ ẹni tó ni ín.

"Mẹ́ta," ni ó wí fún Norine, kò sì fi nǹkan kan kún un. Ó yíjú sí Delbert. "Alàgbà Hobert pa wá lónìí. A bẹ̀rẹ̀ orin kan, a parí òmíràn. Wọ́n gbàdúrà fún ọ, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máà jẹ́ kí n wálé. Mo ní kí wọ́n gbà á fún ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí wọ́n gbà á fún àwọn tó ń ṣe òfin pẹ̀lú. Alàgbà ní kí n má dá ìṣèlú sílẹ̀ níbi pẹpẹ."

"Ẹ ṣeun, Àǹtí," ni Norine wí.

Àǹtí Verna mú fìlà rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan kan nípa ìmọ̀ràn tí òun mú wá láàárọ̀. Kò sọ ọ́. Ó fa ìlẹ̀kùn dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Delbert fi ìka pe Addie. Ọmọ náà wá jókòó sílẹ̀ láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀, Delbert sì di apá kejì irun náà tó ti tú sílẹ̀ láti àárọ̀. Ó fara balẹ̀ dì í, ó dì í dáadáa.

Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó ti oúnjẹ. Delbert fúnra rẹ̀ ló máa ń gbàdúrà, àmọ́ Norine ló gbà á lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó dúpẹ́ fún ẹ̀wà, ó dúpẹ́ fún ilé, ó dúpẹ́ pé gbogbo wọn wà nídìí tábìlì kan ní alẹ́ òní. Kò lọ kọjá òní.

Mámà Oma ti yọ eyín àtọwọ́dá rẹ̀, ó ti kó o sínú kọ́ọ̀bù omi, bó ti máa ń ṣe bí ilẹ̀ bá ṣú. Ó rún búrẹ́dì àgbàdo sínú mílíìkì, ó ń fi ṣíbí bù ú. Delbert náà rún tirẹ̀, ó ń dúró kó rọ̀, ó ń fi apá òsì ẹnu gbé e mì díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ojú pípa dé. Addie ti sùn lọ lórí apá ara rẹ̀.

Norine mú èèpo búrẹ́dì náà, igun tó jóná díẹ̀, tó máa ń gan, èyí tí ó fẹ́ràn jù láti kékeré. Ó bù ú jẹ. Ariwo rẹ̀ gba gbogbo ilé ìdáná: kárá, kárá. Kò sí ẹlòmíràn tó ń jẹ nǹkan tó ń dún nídìí tábìlì náà. Mámà Oma gbé ojú sókè wò ó, ó sì tún gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Norine dá ẹnu dúró. Ó gbé ife mílíìkì rẹ̀ súnmọ́ ara, ó rún èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sínú rẹ̀ títí kò fi sí líle kankan mọ́. Lẹ́yìn náà ó mú ṣíbí, ó sì bá wọn dúró kó rọ̀.